Ara Ẹni Gẹ́gẹ́ Bí Ẹrù: Ǹjẹ́ Eré Ìmárale Láìlo Irin Lè Sọ Ènìyàn Di Igiripá?

1. Ìfáàrà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Bí ọ̀dọ́ kan kò bá ní irin láti gbé, tí kò sì ní owó láti san ní ilé ìdárayá, ǹjẹ́ ó lè fi ara rẹ̀ nìkan ṣe ẹrù, kí ó máa gbé e sókè, kí ó máa sọ ọ́ kalẹ̀, títí tí àyà rẹ̀ yóò fi yọ, tí apá rẹ̀ yóò fi ki pọ́pọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì fẹ̀ bí ti igiripá?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ẹni tí ó ń wá ohun tí yóò fi pa ọjọ́. Ní àwọn àdúgbò wa, a máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n po símẹ́ńtì sínú agolo méjì, tí wọ́n ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́ láàárín, tí wọ́n sì ń gbé e ní ìrọ̀lẹ́. A sì máa ń rí àwọn mìíràn tí wọ́n gbà lọ́kàn pé níwọ̀n ìgbà tí irú irin bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ àwọn, ara tí ó ki kò sí nínú ìpín àwọn. Ẹlòmíràn nínú wọn a yọ owó oúnjẹ rẹ̀ san owó ilé ìdárayá. Ẹlòmíràn a tọ ọ̀nà àbùjá lọ, a ra oògùn tí kò mọ orísun rẹ̀. Ìdáhùn tí a bá fún wọn lè pa owó mọ́ sí wọn lápò, ó sì lè dá ẹ̀mí sí.

Ẹ lè bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ apá àti àyà. Ó kàn mí nítorí pé inú ọ̀rọ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. A ń lo agbára, ìtóbi, iṣẹ́ àti ìdárayá bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni èdè wa kò sì fi ìgbà kan pa wọ́n pọ̀.

2. Ohun tí Ọ̀rọ̀ Wa Ń Wí

Yorùbá ní orúkọ méjì fún ohun tí à ń sọ yìí. Èkíní ni eré ìdárayá, èkejì ni eré ìmárale. Bí a bá tú èkíní palẹ̀, a ó rí dá, ara, àti yá: kí ara ó yá gágá, kí ó fúyẹ́, kí ó jí pépé. Bí a bá tú èkejì palẹ̀, a ó rí mú, ara, àti le: kí ara ó le. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí ó wí pé kí ara ó tóbi. Ìtóbi jẹ́ ohun ọ̀tọ̀, a sì ní ọ̀rọ̀ fún òun náà. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni ẹni tí ó ga, tí ó sì tóbi. Géńdé ni ẹni tí ó ti dàgbà tó iṣẹ́ agbára. Igiripá ni ẹni tí ara rẹ̀ ki, tí ó sì le papọ̀. Ènìyàn lè sanra kí ó má le. Ó lè le kí ó má tóbi. Igiripá ni ó ní méjèèjì, òun sì ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí n là yé wa kí n tó tẹ̀ síwájú. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, iṣan lè túmọ̀ sí òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ó sì lè túmọ̀ sí ohun tí ń fà wá lẹ́sẹ̀ nígbà tí a bá rìn jìnnà. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ẹran ara tí ń sún kì, tí ń nà, tí ó so mọ́ egungun tí ó sì ń mú un gbéra, ni mo ń pè ní iṣan.

Àwọn àgbà wí pé alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ. D. O. Fágúnwà mọ èyí dájú. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, kì í ṣe Kàkó alágbára nìkan ni ó rán lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ó fi Ìmọ̀dòye tí ó jẹ́ ọlọ́gbọ́n sí i, ó sì fi Ọlọ́hùn-iyọ̀ tí ó jẹ́ akọrin sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ara rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ nílò Ìmọ̀dòye ju bí ó ti nílò Kàkó lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí.

3. Bí Iṣan Ṣe Ń Dàgbà

Iṣan kò ní ojú. Kò mọ̀ bóyá irin ni ó ń fà á, tàbí òkúta, tàbí ara ẹni tí ó ni ín. Ohun tí ó mọ̀ ni ìnira tí a gbé kà á. Bí ìnira náà bá pọ̀ tó, tí a sì tún un ṣe títí tí iṣan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀, ara yóò gba àmì pé ohun tí òun ní kò tó mọ́. Bí ẹni náà bá jẹun tí ó sì sinmi, ara yóò kó purotéènì tuntun sínú àwọn fọ́nrán iṣan, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan yóò sì nípọn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún obìnrin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tí ó jẹ́ ìnira lánàá kò ní jẹ́ ìnira mọ́. Bí a kò bá fi kún un, iṣan kò ní rí ìdí tí yóò fi dàgbà sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ tí ó bá fi imú kan ọgbà lójoojúmọ́ láìtì í síwájú, ìta ni yóò wà títí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùkọ́ni gbà pé ẹrù wúwo nìkan ni ó lè mú iṣan dàgbà, èyíinì ni ẹrù tí ènìyàn kò lè gbé ju ìgbà 8 sí 12 lọ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ní 2016, Robert Morton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin 49 tí irin gbígbé ti mọ́ lára ni wọ́n fi ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 12. Apá kan gbé ẹrù wúwo ní ìgbà 8 sí 12; apá kejì gbé ẹrù tí ó fúyẹ́ ní ìgbà 20 sí 25; ṣùgbọ́n apá méjèèjì gbé e títí tí agbára fi tán. Nígbà tí wọ́n wọn iṣan wọn, ìdàgbà tí ó bá apá kìíní náà ni ó bá apá kejì.

Ní 2017, Naoki Kikuchi àti Koichi Nakazato ní Japan gbé ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ ìbéèrè wa. Wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin kan máa ṣe èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí pírẹ́sì-ọ́ọ̀pù, kí àwọn mìíràn máa dùbúlẹ̀ lórí àga gbọọrọ láti ti irin tí kò wúwo púpọ̀ sókè. Ìgbà méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ó sì gba ọ̀sẹ̀ 8. Iṣan àyà àti ti ẹ̀yìn apá nípọn sí i lára ìhà méjèèjì, kò sì sí ìhà tí ó fi èkejì sílẹ̀ sẹ́yìn. Èyí fi hàn pé bí ìnira bá dọ́gba, irin àti ara ẹni dọ́gba lójú iṣan.

4. Ìdọ̀bálẹ̀, Ìlóṣòó àti Fífa Ara Sókè

Ẹ jẹ́ kí a wo pírẹ́sì-ọ́ọ̀pù fínnífínní. Kí ni ó jọ bí kò ṣe ìdọ̀bálẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ó parí? Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ dáadáa ti ń sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ láti kí àgbà, tí ó sì ń ti ara rẹ̀ dìde, kí ó tó mọ orúkọ tí àwọn òyìnbó fi pe eré náà. Mélòó ni ẹrù tí ó ń gbé nígbà náà? William Ebben àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Ẹni tí ó bá ṣe é bí ó ti yẹ ń fi ọwọ́ gbé nǹkan bí ìdá 64 nínú ìdá 100 ara rẹ̀. Bí ó bá fi orúnkún kúnlẹ̀ ṣe é, ìdá 49 ni. Bí ó bá gbé ọwọ́ lé orí àga tí ó ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60, ìdá 41 ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ó gbé lé irú àga bẹ́ẹ̀, ìdá 74 ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí ṣe ìṣirò fún ẹni tí ó wọn kìlógíráàmù 70. Bí ó bá gbé ọwọ́ lé àga, ó ń gbé nǹkan bí 29. Bí ó bá kúnlẹ̀, 34. Bí ó bá ṣe é lórí ilẹ̀, 45. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ lé àga, 52. Gbogbo wa ni a mọ àpò símẹ́ńtì kan, tí í ṣe kìlógíráàmù 50. Èyí ni pé ọ̀dọ́ tí ó ń wí pé òun kò ní irin ti ní ẹrù tí ó ju àpò símẹ́ńtì kan lọ nínú yàrá rẹ̀, bí ó bá mọ bí a ti í gbé e.

Níbí ni èrò ti ń wọ inú agbára. Ìwọ̀n mẹ́rin tí mo kà yìí jẹ́ àkàbà. Ẹni tí kò tí ì lè ṣe é lórí ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi àga. Ẹni tí ilẹ̀ ti rọrùn fún yóò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn èyí, yóò máa rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, yóò dúró díẹ̀ nísàlẹ̀ kí ó tó gbéra, yóò sì máa fi ara tẹ̀ sí ọwọ́ kan ju èkejì lọ, títí tí yóò fi lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe é. Ẹni tí ó ń ṣe ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó sì ń yangàn, ti fi ẹ̀kọ́ ìtóbi sílẹ̀; ìfaradà ni ó ń kọ́ ara rẹ̀. Ìfaradà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó ní òun ń wá nìyẹn. Bí ó bá ti lè ṣe eré kan ju ìgbà 30 lọ, kí ó wá èyí tí ó nira sí i.

Ẹsẹ̀ ni ó kàn. Ìlóṣòó ni eré rẹ̀: kí á lóṣòó, kí á dìde. Ilé-ìwé wa ti fi eré ẹsẹ̀ ṣe ìyà fún ọmọ púpọ̀. Fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká, àti ìjìyà tí ọmọ fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan tí ó ń fi ìka kan ilẹ̀, eré ìmárale ni méjèèjì bí a bá yọ ẹgba kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ìlóṣòó ẹsẹ̀ méjì ti rọrùn fún yóò gbé ẹsẹ̀ kan lé àga lẹ́yìn, yóò sì fi èkejì lóṣòó. Nígbà tí ó bá pẹ́, yóò fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣe é láìfi ara ti ohunkóhun. Àtẹ̀gùn náà kò wọ́n ní Òṣòdì láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ibùdókọ̀ ńlá ibẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2019. Ẹni tí ó bá ń gùn ún lójoojúmọ́ ti ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yìn ni ó ṣòro jù. Ilẹ̀ lè fún àyà níṣẹ́, ó sì lè fún ẹsẹ̀ níṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fún ẹ̀yìn àti iwájú apá ní iṣẹ́ tí ó tó, nítorí pé fífà ni iṣẹ́ tiwọn. A gbọ́dọ̀ rí ohun kan dì mọ́ lókè: ẹ̀ka igi tí ó yi, tàbí ọ̀pá irin tí a fi síbi òpó méjì. Ibẹ̀ ni ènìyàn yóò ti máa fa ara rẹ̀ sókè títí tí àgbọ̀n rẹ̀ yóò fi kọjá ọ̀pá. Ẹni tí kò bá tí ì lè ṣe é yóò gun àga dé òkè, yóò sì máa rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ títí agbára yóò fi dé. Ẹni tí ó bá ń ti nǹkan ṣáá tí kò fa nǹkan rárá, àyà rẹ̀ yóò yọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní bá a dọ́gba.

5. Àwọn Ẹlẹ́rìí

Kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn iṣan ni a ti rí ẹni tí ara rẹ̀ jẹ́ ẹrù rẹ̀ láàárín wa. Akọpẹ ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Ara rẹ̀ ni ó ń gbé lọ sókè, ara rẹ̀ náà ni ó ń gbé bọ̀. Ọmọ eégún aláré ń ta òkìtì láti kékeré. Nínú ìjàkadì, ara ẹlòmíràn ni ẹrù, ẹrù ọ̀hún sì ní ọpọlọ, kò gbà kí a gbé òun. Ní ilẹ̀ Íńdíà, Ghulam Muhammad tí gbogbo ayé mọ̀ sí Gama, ẹni tí ó gbé ayé láti 1878 sí 1960, sọ ìlóṣòó àti irú pírẹ́sì-ọ́ọ̀pù ti ilẹ̀ wọn di ìpìlẹ̀ ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ fún ìjàkadì. Òtítọ́ ni pé òun náà tún ń gbé òkúta. Nítorí náà ìpìlẹ̀ ni mo pe eré wọ̀nyí, n kò pè wọ́n ní gbogbo ilé.

Àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò wa náà ní ẹ̀rí láti jẹ́. Ní 1957, Hogan Bassey gba ipò àgbáyé ní Paris nínú ìpele àwọn tí wọn kò gbọdọ̀ wọn ju pọ́n-ùn 126 lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 57. Ní oṣù Kẹjọ 1963, Dick Tiger gbèjà ipò tirẹ̀ ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, nínú ìpele pọ́n-ùn 160, nǹkan bí kìlógíráàmù 73. Ní 1964, Nojim Maiyegun, ọmọ Èkó, gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà ní Tokyo, èyí tí ó jẹ́ àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ abẹ̀ṣẹ́ ni kì í fẹ́ kí ọmọ-ẹ̀kọ́ wọn fọwọ́ kan irin, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé yóò mú un lọ́ra. Okùn fífò, eré sísá, àpò lílù àti pírẹ́sì-ọ́ọ̀pù ni wọ́n gbójú lé. Ara tí wọ́n kọ́ le, iṣan rẹ̀ sì hàn, ṣùgbọ́n kò tóbi ju bí òfin ìpele wọn ti gbà lọ.

Ẹ̀rí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti 2020. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́lé nítorí àrùn Kòrónà, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Irin wà nínú ilé ìdárayá tí a tì pa. Ara kò sí ní títì. Ẹni tí ó bá lo àga, ilẹ̀ àti òpó ilé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ní ohun tí ó tó láti pa iṣan rẹ̀ mọ́, nítorí pé ìnira tí a fi ń pa iṣan mọ́ kéré púpọ̀ sí èyí tí a fi kọ́ ọ.

6. Ibi tí Ara Nìkan Kò Tó

N kò wá láti fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ààlà wà. Ẹsẹ̀ ti ń gbé ara kiri láti àárọ̀ di alẹ́, nítorí náà ara nìkan kì í pẹ́ di ẹrù fúyẹ́ fún un. Ẹ wo àwọn tí ń fi òrùka tí a so rọ̀ ṣe eré nínú ìdíje Òlíḿpíìkì: èjìká àti apá wọn ki, ẹsẹ̀ wọn kì í sábà ki tó bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn náà kì í rí ìnira tí ó tó lórí ilẹ̀ lásán.

Ààlà kejì ni pé irin ṣe é fi kún ní díẹ̀díẹ̀, ara kò ṣe é fi kún bẹ́ẹ̀. Láti ìpele kan sí èkejì lórí àkàbà wa, àlàfo lè fẹ̀, ó sì ń béèrè sùúrù àti òye. Ẹni tí ó sanra púpọ̀ lè má lè fa ara rẹ̀ sókè rárá. Ẹni tí ó fúyẹ́ púpọ̀ lè tètè rí i pé ẹrù òun ti tán. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25, tí í ṣe kìlógíráàmù 25, lè dí àlàfo náà bí a bá gbé e nígbà tí a bá ń lóṣòó. Ṣùgbọ́n nígbà náà, kì í ṣe ara nìkan mọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ bá àwọn tí ń fi iṣan díje lórí ìtàgé du ipò yóò wá irin nígbẹ̀yìn. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń wá. Ohun tí wọ́n ń wá kò kọjá ààlà tí ara wọn lè mú wọn dé.

7. Iṣẹ́ àti Ìṣẹ́

Ẹnìkan lè wá bi mí pé: bí ẹrù bá ń kọ́ iṣan, èéṣe tí gbogbo alábàárù ọjà Òṣòdì kì í fi í ṣe igiripá? Ní oṣù Kìíní 2009 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó àwọn ìsọ̀ etí títì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà kò tán, alábàárù kò sì tán. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń rù. Bí ọ̀rọ̀ ìmárale bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹrù nìkan, àwọn ni ìbá jẹ́ ọba rẹ̀.

Ìdáhùn rẹ̀ pín sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹrù orí ń gba inú egungun lọ sílẹ̀. Ọrùn ń le, ẹsẹ̀ ń le, ṣùgbọ́n àyà àti apá kì í sún kì kí wọ́n sì nà bí wọ́n ti ń ṣe nínú eré tí mo là sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lábẹ́ ẹrù kan náà, ìfaradà ni ó ń kọ́. Èkejì ni oúnjẹ. Èṣe púpọ̀ ń jó ohun tí ó wà nínú ara. Bí ohun tí ó wọlé kò bá tó ohun tí ó jáde, ara yóò máa jẹ iṣan tí ó yẹ kí ó máa kọ́. Àwọn àgbà wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Iṣan wà lára ọ̀rọ̀ mìíràn náà. Ẹ̀kẹta ni ìsinmi. Ní 2021, Séverine Lamon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà fi ọ̀dọ́ 13 ṣe ìwádìí: òru kan ṣoṣo láìsùn rárá dín bí iṣan wọn ti ń kọ́ purotéènì kù ní ìdá 18 nínú ìdá 100. Kí ni a ó ti sọ nípa ẹni tí ó ń jí ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀ kí ó lè bá ọkọ̀ Òṣòdì, tí kì í sì í padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú?

Ohùn kan ṣoṣo ni ó ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ́. Iṣẹ́ tí oúnjẹ àti oorun bá tẹ̀lé ń kọ́ ara. Iṣẹ́ tí ìṣẹ́ bá tẹ̀lé ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń wí pé kì í ṣe irin ni ó wọ́n jù fún ọ̀dọ́ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀.

Nípa oúnjẹ, Morton kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 49 jọ ní 2018. Wọ́n rí i pé purotéènì ń ran ìdàgbà iṣan lọ́wọ́ títí dé nǹkan bí gíráàmù 1.6 lójúmọ́ fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan, àti pé ohun tí a bá jẹ kọjá ìyẹn kì í fi nǹkan kan gbòógì kún un. Fún ẹni tí ó wọn 70, gíráàmù 112 ni. Ẹyin kan ní nǹkan bí 6. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bí 23, ẹ̀pà tí ó wọn iye kan náà ní nǹkan bí 25. Gààrí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan nínú. Nítorí náà ẹni tí ó bá yọ owó ẹ̀wà rẹ̀ san owó irin ti fa ọwọ́ aago sẹ́yìn fún ara rẹ̀. Kí ó ra ẹ̀wà, kí ó ra ẹ̀pà àti ẹja gbígbẹ bí agbára rẹ̀ bá ti mọ, kí ó sì fi ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ṣe ilé ìdárayá. Ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó fún apá ara kọ̀ọ̀kan, kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín.

8. Ọ̀nà Àbùjá

Nítorí pé ọ̀nà yìí gba oṣù púpọ̀, àwọn kan ń tọ́ka sí abẹ́rẹ́ àti oògùn tí a ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀dù, tí ó ń ṣe bí omi-ara tí ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin. Òtítọ́ ni pé ó ń mú iṣan tóbi. Òtítọ́ náà ni pé ó lè ba ọkàn jẹ́, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó lè mú kí kórópọ̀n ọkùnrin súnkì kí àtọ̀ rẹ̀ sì dín kù, ó sì lè sọ ohùn obìnrin di ti ọkùnrin láìsí àtúnṣe. Ẹni tí ó bá fi abẹ́rẹ́ kan náà gún ara pẹ̀lú ẹlòmíràn tún lè kó àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Àjọ NAFDAC, tí ó ń mójú tó oògùn ní orílẹ̀-èdè yìí, ní ọ́fíìsì ní àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńlá Ìsọlọ̀, lójú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá. Kò jìnnà sí wa láti béèrè bóyá oògùn kan ní ìforúkọsílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko mọ́ ni lọ́wọ́.

9. Àgbálọgbábọ̀

Ìdáhùn mi kò ṣòro láti rántí. Bẹ́ẹ̀ ni, ara ẹni nìkan lè sọ ènìyàn di igiripá, pàápàá láti ìbàdí dé èjìká, bí ó bá mú mẹ́rin wọ̀nyí pọ̀: kí ìnira ó máa gòkè, kí ó rí ohun tí yóò fà bí ó ti ń rí ohun tí yóò tì, kí ó jẹun, kí ó sì sùn. Ẹsẹ̀ yóò béèrè ọgbọ́n jù, òkè téńté yóò sì béèrè irin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní irin tí kò ní mẹ́rin yìí kò ní rí ara tí ó ń wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ má ta oúnjẹ yín ra ẹrù tí ẹ ti ní. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ènìyàn síṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nípò àṣẹ, iṣẹ́ tiyín ni kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lè jẹun yó kí ó sì sùn tó. Níbi tí a bá ti rí ìyẹn, irin kò ní jẹ́ ìṣòro ẹnikẹ́ni. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.